Màmá Ti Wọ Ilé Ìtọ́jú Àgbà: Bí Ẹbí Ṣe Máa Ní Ọwọ́ Nínú Ìtọ́jú Wọn

Ẹ̀yìn ìgbà tí Màmá bá ti wọ ilé ìtọ́jú tán ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kùnà. Gbogbo ọmọ á rọ́ lọ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ mẹ́ta, kálukú á fún nọ́ọ̀sì ní àṣẹ tirẹ̀, tó bá fi máa di oṣù kejì, ẹsẹ̀ á ti dá. Ìgbà tí wọ́n bá tún máa yọjú, Màmá ti rù, nọ́ọ̀sì ti ń sá fún ìpè wọn, àwọn ọmọ ìyá sì ti ń bá ara wọn jà lórí WhatsApp. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n ń lọ kí Màmá, ẹnikẹ́ni kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn tí òbí wọn wà ní ilé ìtọ́jú ní Ìkòròdú àti àyíká rẹ̀, yálà Sábó lẹ ń gbé, tàbí ẹ̀ ń ti Erékùṣù wá, tàbí òkè òkun lẹ wà. Màmá la fi ṣe àpẹẹrẹ. Bákan náà ló rí fún Bàbá.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan, pẹ̀lú báírò tí ẹ fi okùn so mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá ni yóò máa wà.
- Aṣọ mẹ́fà tó fẹ̀, tó ní bọ́tìnì níwájú. Bùbá ọrùn kékeré kì í rọrùn wọ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ ti le.
- Gèlè tàbí ìborùn. Ìyá àgbà tí kò ṣí orí jáde rí kò ní fẹ́ jókòó láàárín àwọn ènìyàn láìwé nǹkan sórí, wọ́n á wá sọ pé kò fẹ́ kúrò ní yàrá.
- Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Ẹ fi sìlípáàsì sílẹ̀ nílé. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ àgbà ṣubú ní balùwẹ̀.
- Máàkà tí omi kì í pa, láti kọ orúkọ sára aṣọ, páálí awò ojú, ife eyín àtọwọ́dá àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Aṣọ gbogbo ilé ni wọ́n ń fọ̀ pọ̀. Èyí tí kò bá lórúkọ, ẹ má retí rẹ̀ mọ́.
- Gbogbo oògùn nínú páálí rẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn, àti káàdì ILERA EKO, ìyẹn ìbánigbófò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, bí wọ́n bá ní in.
- Ohun tí a fi ń gé èékánná, òrí tàbí Vaseline, àti ìwọ̀n tí ènìyàn ń dúró lé bí ilé náà kò bá ní.

Ìpele 1: Ẹ yan agbẹnusọ kan ṣoṣo

Ẹ bi Màmá fúnra wọn léèrè kí ẹ tó bi ara yín: ta ni wọ́n fẹ́ kó máa gbẹnu sọ fún wọn? Bí wọ́n bá ṣì lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tí ẹ máa yàn kò di dandan kó jẹ́ àkọ́bí, kò sì di dandan kó jẹ́ ẹni tó ń sanwó. Ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí kan ló yẹ ipò yìí. Bọ̀dá tó wà ní Kánádà lè máa san gbogbo owó, ṣùgbọ́n kò lè gbé Màmá dé ọsibítù. Ẹ yan ẹnì kejì tí yóò dúró bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí nílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ìpinnu sí mẹ́ta lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bí aṣọ, oúnjẹ àti irun dídì, agbẹnusọ nìkan ló ń dá a sí. Ọ̀rọ̀ owó tuntun tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ máa kọ́kọ́ jíròrò lórí fóònù. Pàjáwìrì: kí ilé náà gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ fún ọ̀gá ilé náà ní ẹ̀dà kan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á fi nọ́ọ̀sì sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Ẹ má ṣe é. Yóò ka ìjà yín, yóò sì mọ ẹni tí òun lè purọ́ fún nínú yín. Ẹ dá òmíràn sílẹ̀ tó jẹ́ agbẹnusọ, igbákejì àti ilé ìtọ́jú nìkan ló wà níbẹ̀. Bí àkọ́bí bá ń bínú pé wọ́n fò òun, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó tàbí ti dókítà lé e lọ́wọ́, kó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ti múlẹ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ alẹ́: “Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru, ta lẹ máa pè?” Bí ó bá ní òun á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, ìpele yìí kò tíì parí.

Ìpele 2: Ìwé ojú kan nípa Màmá

Òṣìṣẹ́ tí kò mọ Màmá rí ni yóò wẹ̀ wọ́n lọ́la. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nìkan ló máa mọ̀. Ojú ìwé kan péré, lẹ́tà gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo àlejò ti máa kà á. Ẹ kọ èyí sí i:

*Orúkọ tí wọ́n ń dáhùn sí.* “Màmá” ni wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀. Tí Màmá tiyín bá jẹ́ Ìyá Ṣẹ́gun láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ kọ ọ́. Ẹ fi oríkì wọn kún un, ìlà mẹ́ta tó fún iṣẹ́ àárọ̀. Àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tó kọ̀ láti dìde fún ìwẹ̀, lè gbọ́ “Àjọkẹ́” kó sì na ọwọ́ pé kí wọ́n fà òun dìde.

*Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbọ̀n wọ́n.* Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àgbà kì í sọ ọ́ gbangba. Ẹlòmíràn á ní “mo fẹ́ lọ ẹ̀yìnkùlé.” Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ á ní kí wọ́n jókòó, ibo ni wọ́n ń lọ? Màmá á tọ̀ sára, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Bí páńpásì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kò nílò rẹ̀ nìyẹn.

*Ọwọ́ àti oúnjẹ.* Ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún lè kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí, kí wọ́n wá kọ sílẹ̀ pé “kò jẹun.” Ẹ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn ní orúkọ: ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ògì tí kò ki. Ẹ kọ èyí tí dókítà kò fẹ́ pẹ̀lú.

*Ìwẹ̀.* Omi gbígbóná tàbí lílọ́wọ́ọ́rọ́, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, ta ni kò gbọ́dọ̀ rí ìhòòhò wọn. Bí Màmá kò bá fẹ́ kí ọkùnrin wẹ òun, ẹ sọ ọ́ kí ó tó di ìjà.

*Ẹ̀sìn.* Bútà àti àkókò ìrun márùn-ún, tàbí ìsìn àti orin tí wọ́n mọ̀.

*Bí ìrora ṣe ń hàn lára wọn.* Àwọn kan kì í sọ pé nǹkan ń dun àwọn. Wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á di eyín pọ̀, tàbí kí wọ́n máa gbá ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n dànù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Orúkọ wo ni òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n? Èyí tó wà nínú ìwé yín ni? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé wọn kò kà á, ẹ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ àti ti alẹ́, kí ẹ kà á fún wọn.

Ìpele 3: Oògùn

Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó máa gbé oògùn wọlé: ọwọ́ agbẹnusọ. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà gan-an, èyí tó máa ń wà ní lẹ́tà kékeré lábẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, àsìkò rẹ̀ àti ohun tó wà fún: “amlodipine 5 mg, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru.” Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ méjì lè ra oògùn kan náà ní orúkọ ilé iṣẹ́ méjì. Màmá á lo ìlọ́po méjì láìmọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òyì á kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lóru, wọ́n á ṣubú. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí kọ̀ọ̀kan.

Ti àgbo: bí ẹ gbà á gbọ́, bí ẹ kò gbà á gbọ́, ẹ má gbé e wọlé ní ìkọ̀kọ̀ nínú ìgò omi. Àwọn ewé kan ń mú ṣúgà wálẹ̀. Tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá lò ó pẹ̀lú oògùn àtọ̀gbẹ, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù: òógùn á bò wọ́n, ara á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ nípa ìgò yẹn kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka iye hóró tó kù. Tí ẹ bá gbé ọgbọ̀n hóró wá, tí Màmá ń lo ẹyọ kan lójúmọ́, lẹ́yìn ọjọ́ 10 ó yẹ kó ku 20. Bí ó bá ku 26, wọ́n ń fò ó. Bí ó bá ku 14, ẹnì kan ń fún wọn ní méjì tàbí ẹnì kan ń kó oògùn náà lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́jọ́ náà.

Ìpele 4: Àbẹ̀wò tó ní iṣẹ́ nínú

Ẹ pín ọjọ́ kí gbogbo yín má baà wá ní Sọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, sàn ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan. Kí ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí wọn kò retí àlejò lẹ máa rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹ dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó ń ti Erékùṣù wá lè wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ẹbúté Ìpakodò dípò kó há sí Máìlì 12, kó sì dé lẹ́yìn tí Màmá ti sùn.

Ìkòròdú tún ní ọjọ́ Orò, tí obìnrin kì í jáde. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ẹ fi àbẹ̀wò ọjọ́ náà sí ọwọ́ ọkùnrin inú ẹbí, kí ẹ sì béèrè ohun kan tí kì í sábà wá sọ́kàn: obìnrin ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa pààrọ̀ ara wọn? Ó yẹ kí àwọn tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti sùn sínú ọgbà láti alẹ́ àná.

Bí ẹ bá dé, ẹ fọ ọwọ́, ẹ kí òṣìṣẹ́, kí ẹ tó béèrè. Irú ìbéèrè tí ẹ bá bi wọ́n ló máa pinnu ìdáhùn. “Ṣé Màmá jẹun?” Bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Kí ni Màmá jẹ láàárọ̀, báwo ni èyí tó kù nínú abọ́ ṣe pọ̀ tó? Ife omi mélòó ni wọ́n ti mu? Ìgbà wo ni wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn? Ta ló wà pẹ̀lú wọn lóru àná?”

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọwọ́.

*Omi.* Ife mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ àgbà, àfi bí dókítà bá ti dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ètè gbígbẹ àti ìtọ̀ tó pọ́n dúdú tó sì ń rùn jẹ́ àmì pé kò tó. Ẹ fún wọn ní ife kan kí ẹ tó kúrò, díẹ̀díẹ̀.

*Oúnjẹ.* Kí Màmá jókòó gangan, kí àgbọ̀n tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ṣíbí kékeré, ẹ dúró kí wọ́n gbé èyí tó wà lẹ́nu mì kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí wọ́n bá húkọ́, tàbí tí ohùn wọn dà bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Wọn kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá. Búrẹ́dì gbígbẹ àti òkèlè ẹ̀bà ńlá máa ń há ẹni tí eyín rẹ̀ kò pé lọ́fun. Oúnjẹ tí ẹ bá gbé wá, èyí tí wọ́n lè jẹ tán lójú yín ni kó jẹ́. Nínú ooru tiwa yìí, oúnjẹ sísè tí kò sí nínú fíríìjì kò yẹ kó kọjá wákàtí méjì, tí ooru bá sì mú gan-an, wákàtí kan. Kúlà tí ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́ ló ń di ìgbẹ́ gbuuru lọ́la.

*Ara.* Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọbìnrin kan nínú yín fẹ́ bá wọn wẹ Màmá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí aṣọ ń bò. Ẹ wo gìgísẹ̀, egungun ìdí, ìbàdí, ìgúnpá, èjìká àti ẹ̀yìn orí. Egbò ìdùbúlẹ̀ kì í kọ́kọ́ pọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ wá ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná, tó le tàbí tó rọ̀ ju ibòmíràn lọ, tàbí tó ń dùn wọ́n. Ẹ má ra á, ẹ má fi spirit pa á, ẹ má fi rọ́bà olóbìrípo sí abẹ́ ìdí wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ sí i. Ẹni tí kò lè yí ara padà fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì-méjì tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò yíyí náà sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí gbogbo àpótí inú ìwé yẹn bá kún ní báírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́fà àárọ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n jókòó kọ ọ́.

*Èékánná, eyín, awò ojú.* Kíákíá ni. Ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún. Èékánná ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

*Ìrìn.* Bí Màmá bá lè rìn, ẹ bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà àti padà. Bí ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tí òní wọn kò dé ìdajì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle, ìlà mẹ́ta: ọjọ́ àti orúkọ yín, ohun tí ẹ rí, ẹni tí ẹ sọ fún. Ẹni tó máa wá tẹ̀ lé yín á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de àbẹ̀wò kejì. Ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó ṣàdédé rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́: ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹni tí orí rẹ̀ pé lánàá tó ń sọ ìsọkúsọ lónìí, ẹ má gbà pé ọjọ́ ogbó ni, ẹ má sì sá lọ wá àdúrà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibà, àrùn ojú ìtọ̀, àìmu omi tàbí ṣúgà ló sábà máa ń fà á, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú.

Ìpele 5: Ìwọ̀n oṣooṣù àti bí a ṣe ń fẹjọ́ sùn

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí agbẹnusọ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún ogún ìṣẹ́jú. Kí wọ́n wọn Màmá ní àárọ̀, ìwọ̀n kan náà, irú aṣọ kan náà. Ẹni tó wọn kílò 60, tó di 57 láàárín oṣù kan, ti pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Kílò 54 láàárín oṣù mẹ́fà, bákan náà.

Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ sọ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, fún ọ̀gá, kì í ṣe fún ọmọbìnrin tó ń wẹ Màmá, kì í sì í ṣe lójú àwọn aláìsàn yòókù. Ọmọbìnrin yẹn ló máa wà pẹ̀lú Màmá tí ẹ bá lọ. Ẹ̀bùn pẹ̀lú, ẹ fún gbogbo wọn papọ̀, bí ẹran Iléyá tàbí àpò ìrẹsì kan nígbà Kérésì. Owó ìkọ̀kọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan ń mú kí àwọn yòókù sọ pé “alábòójútó Màmá yẹn kò sí nílé.”

Ti ìfìyàjẹni yàtọ̀. Awọ ara tó bó tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, àmì ìka lápá, Màmá tó ń fà sẹ́yìn bí ẹnì kan pàtó bá wọlé: ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù kí dókítà kọ ohun tó rí, ẹ fi lẹ́tà fún ọ̀gá ilé náà. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwùjọ àti àwọn ọlọ́pàá ló kàn. Kó tó di pé ọ̀rọ̀ parí, ẹ má fi Màmá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìpele 6: Àwọn tó wà lókè òkun

Ẹ máa pe Màmá lórí fídíò ní àkókò kan náà, ọjọ́ kan náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ìkòròdú jẹ́ aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá òwúrọ̀ ní Toronto, gẹ́gẹ́ bí ìgbà òtútù tàbí ooru tiwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé ẹ mọ̀ mí?” Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ lójú fóònù kí wọ́n rí i, ẹ kọrin tí wọ́n mọ̀. Bí Màmá bá ń béèrè Bàbá tó ti kú, kò sí ìdí láti máa túfọ̀ ikú rẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè bí Bàbá ṣe ń ṣe nígbà náà, wọ́n á sọ ìtàn.

Ìpele 7: Gbígbé wọn wálé fún ọdún

Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn wá fún ìdajì ọjọ́ kan tí kò ní ariwo, kí ẹ tó gbé wọn lọ sí ibi ìyàwó tàbí Iléyá. Ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ mú wọn jáde. Ẹ gba oògùn ọjọ́ náà, kì í ṣe gbogbo páálí. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ṣáájú: ṣé àtẹ̀gùn wà, ṣé nǹkan wà láti dì mú, ṣé iná wà níbẹ̀? Ẹ fi ẹnì kan sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí kò ní gbé oúnjẹ fún àlejò lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ àgbà tí iyè wọn ń ra ni ọkàn wọn máa ń dàrú ní ìrọ̀lẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ pe ilé ìtọ́jú: ṣé wọ́n sùn, ṣé wọ́n jẹun, ṣé wọ́n ti tọ̀? Bí wọ́n bá ní wọn kò tíì tọ̀ láti alẹ́ àná, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò nísinsìnyí, kí agbẹnusọ sì múra láti lọ.